Ẹni tó ń pariwo kọ́ ló ń ṣàìsàn

Mo rí ọ̀rọ̀ tí ìyá wa kan gbé síbí lọ́jọ́ Àìkú, mo sì ka gbogbo èsì tí ẹ kọ sí i. Ìyá náà ní ọmọ òun tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ti fi oṣù kan gbáko ṣe iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀, iṣẹ́ ò sì lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ náà rẹ́, tó tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú yín ní kó pààrọ̀ iṣẹ́ kíákíá kí ọjọ́ tó lọ. Àwọn kan ní ọmọ náà ò fọkàn sí i. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ló fà á, pé ìlú tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe aṣọ òkìríkà la ń gbé, kí la tún retí? Mo rẹ́rìn-ín o, mi ò purọ́.

Ṣùgbọ́n èmi àti ọmọ náà ti jọ jókòó ti ẹ̀rọ yẹn látìgbà náà, ìyá ẹ̀ sì ti fún mi láyè kí n sọ ohun tí a rí. Èrò tèmi rèé: kò sóhun tó ṣe ọmọ yẹn, kò sì sóhun tó ṣe tòkunbọ̀ ẹ̀. Ọ̀nà tó fi ń wá àṣìṣe ni kò tọ́, ọ̀nà yẹn náà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa ń lò. Níbi tí òṣìṣẹ́ púpọ̀ bá ti jọ ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ń pariwo kọ́ ló sábà máa ń ṣàìsàn. Ẹni tí gbogbo wọn ń dúró dè ni ká wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú iṣẹ́ tó ń ṣe, torí ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé Windows ló ń tò.

Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà, ètò kan wà tó jẹ́ olórí ilé. Kernel ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń pín mẹ́mórì, òun ló ń sọ ẹni tó kàn láti lo ọpọlọ ẹ̀rọ. Nínú Linux àti Windows, olórí ilé yìí àti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ẹ̀ jọ wà nínú yàrá kan ni: ẹni tó ń tọ́jú fáìlì, ẹni tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àwọn tó ń bá àwọn ohun èlò sọ̀rọ̀. Ó máa ń yá iṣẹ́. Àmọ́ bí ẹnì kan bá da epo síná nínú yàrá yẹn, gbogbo ilé ló ń jó. Ẹ rántí ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024. Ilé iṣẹ́ CrowdStrike fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí ètò ààbò wọn, apá kan ètò ọ̀hún sì wà nínú kernel Windows. Àṣìṣe wà nínú fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́. Microsoft ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà ló dojú dé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ò gbéra, àwọn ilé ìwòsàn kan sì há sẹ́nu iṣẹ́.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ kan ti ń sọ pé kí a má ṣe kó gbogbo wọn sínú yàrá kan. Wọ́n ní kí kernel kéré. Kó máa pín mẹ́mórì, kó máa sọ ẹni tó kàn, kó sì máa jẹ́ iṣẹ́ láàárín àwọn tó kù, ó tán. Gbogbo iṣẹ́ yòókù, kí olúkúlùkù gba yàrá tiẹ̀. Sáfà ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn òṣìṣẹ́ inú yàrá wọ̀nyí. Bí sáfà kan bá ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ òmíràn, á rán iṣẹ́ sí i, á sì dúró de èsì. Bí ọ̀kan bá kú, àwọn tó kù á ṣì wà láàyè. Kernel kékeré yẹn ni microkernel.

Èyí tí ọmọ wa ń lò ni Debian GNU/Hurd. Richard Stallman ló kéde iṣẹ́ GNU ní 1983, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ Hurd ní 1990 lórí microkernel kan tó ń jẹ́ Mach, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ sáfà ló para pọ̀ di Hurd. Auth ló ń mọ ẹni tí olúkúlùkù jẹ́. Proc ló ń ka iye ètò tó ń ṣiṣẹ́. Ext2fs ló ń tọ́jú fáìlì. Pfinet ló ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ tún lè so sáfà tiyín mọ́ orúkọ fódà kan, kó jẹ́ pé ẹni tó bá ṣí fódà yẹn, sáfà náà ló ń dá a lóhùn. Ó dùn púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi yàn án.

Ẹ wá gbọ́ ìtàn o. Ara ohun tó mú Stallman àtàwọn ènìyàn ẹ̀ yan ọ̀nà yìí ni pé wọ́n rò pé àṣìṣe á rọrùn láti wá. Sáfà tó bá wà níta kernel, èèyàn lè yẹ̀ ẹ́ wò bíi ètò lásán. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Stallman fúnra ẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn sáfà tó ń rán iṣẹ́ síra wọn wá le gan-an láti wá àṣìṣe nínú wọn. Níbi tí wọ́n ti ń jà pẹ̀lú ẹ̀, ọmọ yunifásítì kan ní Finland, Linus Torvalds, gbé Linux jáde ní 1991. Ní oṣù Kìíní 1992, Andrew Tanenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ MINIX ní Amsterdam, kọ ọ́ síta pé Linux ti di ohun àtijọ́ torí pé inú yàrá kan ni gbogbo ẹ̀ wà. Linus dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì takurọ̀sọ níṣojú gbogbo ayé. Lónìí, Linux ló wà nínú fóònù Android tó wà lọ́wọ́ yín. Hurd ò tíì gbé ẹ̀dà 1.0 jáde títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ náà ò fọkàn sí i, ohun tó dá àgbà lágara ló dá òun náà lágara.

Kí ló mú kó le tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wo àríyá ìparí ọdún ẹgbẹ́ wa. Ká ní alásè jókòó, kò dáná. Ó ń retí ìrẹsì lọ́wọ́ ẹni tó máa lọ ọjà. Ẹni tó máa lọ ọjà ń retí owó lọ́wọ́ akápò. Akápò ní òun ò lè yọ owó láìjẹ́ pé akọ̀wé fọwọ́ sí i. Akọ̀wé ní òun ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan àfi bí alásè bá kọ iye abọ́ tó fẹ́ sè wá. Alásè sì ti ránṣẹ́ pé bí òun bá rí ìrẹsì lòun máa mọ iye abọ́. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní ìlera. Kò sí ọ̀lẹ nínú wọn, kò sí olè. Síbẹ̀ oúnjẹ ò ní jinná títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ta ni àlejò máa pariwo mọ́? Alásè ni! Ẹ lè lé alásè lọ kí ẹ gba òmíràn, òun náà á wá jókòó síbẹ̀ ni.

Bí sáfà ṣe ń há nìyẹn. Bí ẹ bá yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kò sí àléébù. Àárín wọn ni àìsàn wà.

Òmíràn tún burú ju ìyẹn lọ, àṣìṣe tó ń sá fúnni. Iṣẹ́ méjì jáde pọ̀. Lónìí tàkọ́kọ́ ló ṣáájú dé, gbogbo nǹkan lọ dáadáa. Lọ́la tìkejì ló ṣáájú, ohun gbogbo dàrú. Bí ẹ bá wá fi irinṣẹ́ dá ọ̀kan dúró kí ẹ lè wò ó dáadáa, ìdádúró yẹn á yí ètò dídé wọn padà, àṣìṣe náà á pòórá. Ẹ kúrò níbẹ̀ báyìí, ó padà dé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sídìí ẹ̀rọ ọmọ wa. Ohun tó ń ṣe é ni pé bó bá ti tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà ẹ̀, ojú ẹ̀rọ á dákẹ́. Kò ní kú, kò sì ní sọ̀rọ̀. Ó ní ext2fs ni, pé ẹni tó ń tọ́jú fáìlì ló bàjẹ́. Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ó ní, "Bùrọ̀dá, torí ìgbà tó bá fẹ́ ka fáìlì ló ń há ni." Ṣé ẹ rí i? Ibi tí ariwo ti jáde ló mú.

Mo ní kó gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé, gẹ́gẹ́ bíi root, kó sì fi ps -M wo àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí M yẹn o. Ps lásán lè máa rán iṣẹ́ sí ètò kọ̀ọ̀kan láti béèrè ipò tó wà. Èyí tó bá ti há lè má dáhùn, ìwọ tó ń béèrè á wá há síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Èèyàn kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dákú pé ṣé ó dákú. Ara ẹbí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ là ń bi.

Lẹ́yìn náà, irinṣẹ́ kan wà nínú Hurd tó ń jẹ́ rpctrace. Ó máa ń to gbogbo iṣẹ́ tí ètò kan rán jáde àti èsì tó padà sí i lẹ́sẹẹsẹ. A fi lé ètò tó ń ka fódà. Iṣẹ́ jáde, èsì dé. Iṣẹ́ jáde, èsì dé. Ó lọ bẹ́ẹ̀ títí, ó wá kan iṣẹ́ kan tó jáde tí èsì ẹ̀ ò padà. Ibẹ̀ ni mo ní kó fi ìka sí. Kì í ṣe ext2fs ló rán iṣẹ́ yẹn sí. Sáfà kan tó ń jẹ́ ftpfs ni, èyí tí ọmọ náà fúnra ẹ̀ ti so mọ́ fódà kan nínú ilé ẹ̀ kó lè máa rí àwọn fáìlì tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé orí ẹ̀rọ ẹ̀ ni wọ́n wà. Ó tún ti kọ ìlànà kékeré kan pé bí òun bá ti wọlé, kí ẹ̀rọ to ohun tó wà nínú fódà yẹn síwájú òun. Nítorí náà, ìlànà ìwọlé ń dúró de ẹni tó ń ka fódà, ẹni tó ń ka fódà ń dúró de ftpfs, ftpfs ń dúró de pfinet, pfinet ń dúró de íntánẹ́ẹ̀tì láti ara fóònù ẹ̀. Dátà orí fóònù sì ti tán! Fóònù ṣì so mọ́ ẹ̀rọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó sọ fún pfinet pé kò sí ọ̀nà. Ó kàn ń rán iṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́ ni.

Mo wá bi í pé, ìgbà mẹ́rin tó o tún un tò, ṣé kò ṣiṣẹ́? Ó ní ó ṣiṣẹ́ fún bí ọjọ́ mélòó kan, kó tó tún há. Ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí kó tó lè tún un tò, ó ní láti ra dátà tuntun tó máa fi kó àwọn ètò náà sílẹ̀. Dátà tó rà ló wo ẹ̀rọ sàn, òun rò pé àtúntò ni. Nígbà tí dátà bá sì tán, àìsàn á padà. Oògùn tó ń lò yàtọ̀ sí èyí tó ń wò ó.

A fi settrans tú ftpfs kúrò lórí fódà yẹn. Kíá, ojú ẹ̀rọ tó ti dákẹ́ láti àárọ̀ fọhùn. Gbogbo iṣẹ́ náà ò tó wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọsílẹ̀ tó pa rẹ́ nígbà àtúntò ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tí kò ní ẹ̀dà níbòmíràn, ìyẹn ti lọ. Kò sóhun tí mo lè ṣe sí i, ó sì dùn mí.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, "Kí ló kàn wá nínú Hurd tẹ́nikẹ́ni ò lò?" Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò sì ní jà pẹ̀lú yín pé Hurd ló borí. Àmọ́ microkernel ò kú. QNX, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì láti Yunifásítì Waterloo ní Kánádà bẹ̀rẹ̀, ló wà nínú fóònù BlackBerry Z10 tí àwọn kan nínú yín lò láti 2013, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò lónìí. Àwọn tó ṣe é fi àríyànjiyàn sílẹ̀, wọ́n mú kó rọrùn láti rí ẹni tó ń dúró de ẹnì kan. Bí ẹ bá tẹ pidin, á fi ipò olúkúlùkù hàn yín. SEND: mo ránṣẹ́, wọn ò tíì gbà á lọ́wọ́ mi. REPLY: wọ́n ti gbà á, mo ń retí èsì. RECEIVE: mo jókòó, mo ń retí oníbàárà. Á sì tún sọ nọ́ńbà ẹni tí ẹni náà ń dúró dè. Ẹ kàn máa tẹ̀ lé nọ́ńbà yẹn láti ọwọ́ kan sí èkejì títí ẹ ó fi dé ìdí ẹ̀.

Wọ́n tún fi òfin kan lélẹ̀ tó dà bí ohun tí baba wa á sọ: ètò méjì ò gbọdọ̀ máa ránṣẹ́ síra wọn kí àwọn méjèèjì máa dúró de èsì. Ẹ tò wọ́n bí ìdílé. Kékeré ló ń ránṣẹ́ sókè tó ń dúró de èsì. Bí àgbà bá ní ọ̀rọ̀ sí kékeré, kó kàn pàtẹ́wọ́ pè é kó sì máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, kó má dúró. Bí ẹgbẹ́ wa bá lo òfin yẹn, oúnjẹ àríyá á jinná.

Ẹlòmíràn á ní, "Tan-án, pa á, tún un tan, ṣebí ó máa ń ṣiṣẹ́?" Ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn, mo gbà. MINIX 3, tó jáde ní 2005, tiẹ̀ ní sáfà kan tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ pé kó máa ṣọ́ àwọn tó kù, kó máa jí èyí tó bá kú dìde. Àtúnwáyé ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń ṣe é: ẹni tó kú nìkan ló ń jí, kì í wó gbogbo ilé. A sì lè ṣètò ẹ̀ pé bí ọ̀kan náà bá ń kú léraléra, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì máa pẹ́ sí i kó tó jí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Yorùbá mọ̀ pé ọmọ tó ń kú tó ń padà, a kì í kàn sọ ọ́ lórúkọ tuntun ká jókòó. À ń wádìí ni.

Ìṣòro yìí ò sì mọ sórí ẹ̀rọ ọmọ kan. Ẹ wo ìyá oníPOS létí jẹ́tì. Oníbàárà na káàdì, báńkì yọ owó, ẹ̀rọ ní kò wọlé. Ta là ń bú? Ìyá oníPOS. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ yẹn ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ rọ̀rọ̀rọ̀, ó ti lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ, ó ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó wà láàárín àwọn báńkì, ó ti dé báńkì oníbàárà. Èsì ló sọnù lọ́nà. Ẹni tó bá ní kí wọ́n tún káàdì nà láìbéèrè ibi tí èsì sọnù sí, owó ẹ̀ lè jáde lẹ́ẹ̀mejì. Àtúntò ọmọ wa náà nìyẹn, owó ló kàn wà níbẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní nǹkan há, ẹ má sáré sọ pé kó pààrọ̀ iṣẹ́. Ẹ bi í pé: ta ni ẹni yẹn ń dúró dè? Kí lo yí padà gbẹ̀yìn kó tó há? Kó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ká ní ọmọ wa ti kọ ọjọ́ tó ra dátà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀rọ há, ìgbà kejì ni ìbá ti rí i fúnra ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má jẹ́ kí "pa á rẹ́" jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa mọ̀. Kó jẹ́ ìkẹyìn, lẹ́yìn tí ẹ̀dà iṣẹ́ bá ti wà níbòmíràn.

Ọmọ náà ti padà sídìí iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kó lọ gbé e síwájú àwọn olùkọ́ ẹ̀. Ó ti sọ fún mi pé ìhá yẹn gan-an lòun máa fi ṣe orí kẹrin ìwé òun: bí èèyàn ṣe ń mọ ẹni tí gbogbo sáfà ń dúró dè. Bí ẹnì kan nínú yín bá ní dátà tó lè fi ta á lọ́rẹ, ìyá ẹ̀ wà lórí pèpéle yìí, ẹ mọ̀ wọ́n. Kò sì gbọdọ̀ tún tán o.

Ẹ kọ èrò yín sísàlẹ̀. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ jù mí lọ, ẹ tọ́ mi sọ́nà. Ire o.